Tarkwa Bay: Etíkun tó parọ́rọ́ l'Ékòó, níbi tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ti lè gun ìgbì

Ẹni tí wọ́n bí sí Aisegba-Èkìtì, tó sì dàgbà sí àárín òkè àti oko kòkó, kì í ṣe àjèjì sí omi. Inú odò ni ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ ti kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, láìsí olùkọ́, láìsan owó. Ṣùgbọ́n omi odò kọ́ ni omi òkun. Odò a máa gba ọ̀nà kan ṣoṣo lọ, ẹni tó bá sì ti mọ ọ̀nà náà ti mọ ìwà rẹ̀. Òkun a máa rọ́ wá, a máa fà padà, ó sì lè yí ìwà padà kí wákàtí kan tó pé. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi sọ pé òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru.

Ìpínlẹ̀ Èkìtì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹwàá, ọdún 1996, kò bá òkun pààlà níbì kankan. Nítorí bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí ọ̀dọ́ láti Adó, Ìkẹ́rẹ́ tàbí Aisegba bá kọ́kọ́ fojú kan òkun náà ló sábà máa ń fẹ́ wọ inú rẹ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá fẹ́ kọ́ eré tí àwọn òyìnbó ń pè ní surfing, ìyẹn gígun ìgbì òkun lórí pátákó, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kó bi ara rẹ̀ ni ibi tí òkun ti rọ̀ tó fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ní gbogbo etíkun tó wà nítòsí ìlú Èkó, ibi tí ìdáhùn ìbéèrè náà ti ṣe kedere jù ni Tarkwa Bay.

Gígun ìgbì kì í tún ṣe eré àwọn afẹ́ lásán mọ́. Wọ́n ti fi kún àwọn eré Olympics láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe ti Tokyo ní ọdún 2021, wọ́n sì tún ṣe é ní Tahiti nígbà Olympics ti Paris ní ọdún 2024. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ ní Nàìjíríà kò ní láti wọ bààlúù lọ sókè òkun. Ohun tó nílò ni kó mọ ibi tí yóò lọ, ìgbà tí yóò lọ, àti ibi tí kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kàn.

IBI TÍ TARKWA BAY WÀ

Ẹnu ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ òkun ń gbà wọ èbúté Èkó ni Tarkwa Bay wà, ní apá ìwọ̀-oòrùn. Ojú ọ̀nà omi tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń gbà lọ sí Àpápá àti Tin Can, tí wọ́n ń pè ní Commodore Channel, ló là á láàárín òun àti Victoria Island. Ẹni tó bá jókòó sórí iyanrìn ibẹ̀ yóò máa wo àwọn ọkọ̀ tó ga bí ilé alájà púpọ̀ bí wọ́n ṣe ń rọra kọjá níwájú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pe ibẹ̀ ní erékùṣù. Ká sòótọ́, orí ilẹ̀ iyanrìn tóóró kan tó na ara rẹ̀ láti ọ̀nà Badagry wá ni ó wà, omi ọ̀sà ní ẹ̀yìn, òkun ní iwájú. Ṣùgbọ́n nítorí pé ọkọ̀ ojú omi ni gbogbo àlejò ń wọ̀ débẹ̀ láti àárín ìlú, tí kò sì sí títì tí mọ́tò ń gbà wọ ibẹ̀, erékùṣù náà ló jọ lójú ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀. Ariwo mọ́tò kò sí níbẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé sí ọjọ́bọ̀, ohùn omi àti ohùn àwọn ọmọdé tó ń ṣeré ni etí sábà máa ń gbọ́. Òpin ọ̀sẹ̀ àti ọjọ́ ìsinmi lèrò ń pọ̀, tí àwọn tó ń yá àga àti àtíbàbà ń pàtẹ, tí orin ń dún láti ìbẹ̀rẹ̀ etíkun dé ìparí rẹ̀.

IṢẸ́ ỌWỌ́ ÈNÌYÀN LÓ MÚ KÓ PARỌ́RỌ́

Bí Tarkwa Bay ṣe parọ́rọ́ yìí kì í ṣe àdámọ́ òkun. Láyé àtijọ́, òkìtì iyanrìn kan wà lábẹ́ omi ní ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó. Ìgbì a máa fọ́ lé e lórí tagbáratagbára, ọkọ̀ ńlá kò sì lè gba orí rẹ̀ kọjá. Òde òkun ni ọkọ̀ ńlá ń dúró sí, tí wọn yóò máa kó èrò àti ẹrù sínú ọkọ̀ kékeré kí wọ́n tó wọlé. Ẹ̀mí ṣòfò nídìí iṣẹ́ yìí, ẹrù náà sì bá omi lọ. Orúkọ tí àwọn òyìnbó ń pe òkìtì iyanrìn náà ló bí orúkọ Bar Beach tí gbogbo ayé mọ̀.

Ní ọdún 1908 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkúta ńláńlá mọ odi sínú òkun láti dáàbò bo ẹnu ọ̀nà náà. Wọ́n mọ ọ̀kan sí apá ìlà-oòrùn, wọ́n sì mọ òmíràn sí apá ìwọ̀-oòrùn, kí omi tó ń ṣàn láàárín méjèèjì lè máa gbá iyanrìn lọ, kí ọ̀nà sì jinlẹ̀ fún ọkọ̀. Abẹ́ ààbò odi ìwọ̀-oòrùn ni Tarkwa Bay wà. Ìgbì tó bá ti òkun ńlá bọ̀ yóò kọ́kọ́ kọlu odi náà. Èyí tó bá yí ìdí odi ká wọlé yóò ti tẹ̀, agbára rẹ̀ yóò ti dínkù, yóò sì máa rọ́ wá sí etí iyanrìn ní ìwọ̀n tí ẹsẹ̀ ọmọ ènìyàn lè dúró dè.

Àǹfààní tí odi yìí ṣe fún apá kan, ìpalára ló ṣe fún apá kejì. Láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn ni òkun ń kó iyanrìn ní etíkun Èkó. Nígbà tí odi dínà, iyanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbá jọ sí apá ìwọ̀-oòrùn, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ń fẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n Victoria Island tó wà ní ìlà-oòrùn kò rí iyanrìn gbà mọ́, òkun sì ń jẹ ẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bar Beach, tí àwọn ará Èkó ti ń ṣe fàájì láti ayébáyé, ni ìyà náà jẹ jù. Ní oṣù kẹjọ, ọdún 2012, òkun ya wọ Kuramo ní Victoria Island, ó sì gbé ènìyàn lọ. Lónìí, ilẹ̀ Eko Atlantic tí wọ́n fi iyanrìn kún ti gba ibi tí Bar Beach wà. Bí àwọn etíkun tí mẹ̀kúnnù lè lọ ṣe ń dínkù ni iyì Tarkwa Bay ń pọ̀ sí i.

GÍGUN ÌGBÌ KÌ Í ṢE ÀJÈJÌ NÍ ÌWỌ̀-OÒRÙN ÁFÍRÍKÀ

Àwọn kan rò pé àwọn òyìnbó ló kó eré yìí wá. Ìwé ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bíi ọdún 1640, oníṣòwò ará Jámánì kan, Michael Hemmersam, wà ní Etíkun Wúrà, ìyẹn Gánà òde òní. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn òbí ibẹ̀ a máa so ọmọ wọn mọ́ pátákó, wọn a sì jù wọ́n sómi kí wọ́n lè kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Ní àwọn ọdún 1830, sójà ará Scotland kan, James Edward Alexander, rí àwọn ọmọdékùnrin ní Accra tí wọ́n fi àyà lé pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí wọ́n dúró de ìgbì, tí wọ́n sì gùn ún padà wá sí etí òkun.

Hawaii ni eré náà ti di ohun tí gbogbo ayé mọ̀, níbi tí wọ́n ti ń dúró lórí pátákó gígùn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe fíìmù The Endless Summer, tó jáde ní ọdún 1966, tí wọ́n fi ń wá ìgbì káàkiri ayé, Senegal, Gánà àti Nàìjíríà wà lára ibi tí wọ́n dé. Ní òde òní, Busua ní Gánà àti Robertsport ní Liberia jẹ́ ibi tí àwọn àlejò ń tìtorí ìgbì lọ. Ní Tarkwa Bay ní tiwa, àwọn ọmọ tó ń gbé etí omi náà ló sọ eré yìí di tiwọn. Púpọ̀ nínú wọn kò ní pátákó gidi nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Igi pẹlẹbẹ tí wọ́n rí he ni wọ́n fi kọ́ ọ, kí wọ́n tó rí pátákó àlòkù rà tàbí gbà lọ́wọ́ àwọn àlejò.

ÌGBÀ TÓ YẸ KÍ ÈNÌYÀN LỌ

Ìgbì tó ń dé etíkun wa kì í ṣe èyí tí atẹ́gùn ìtòsí bí. Ìjì ńlá tó ń jà ní ìsàlẹ̀ òkun Atlantic lọ́hùn-ún, ní ọ̀nà jíjìn sí ilẹ̀ wa, ló ń rán ọ̀pọ̀ nínú wọn wá. Oṣù kẹfà, oṣù keje àti oṣù kẹjọ ni òtútù ń mú ní apá ìsàlẹ̀ ayé yẹn, ìgbà náà sì ni ìjì pọ̀ jù níbẹ̀. Nítorí bẹ́ẹ̀, láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, ìgbì a máa tóbi, a sì máa wá léraléra. Àsìkò àwọn tó ti mọṣẹ́ nìyẹn.

Àsìkò ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kẹta. Ìgbì a máa kéré, òjò kì í sábà rọ̀, ojú omi a sì máa dán ní òwúrọ̀. Òwúrọ̀ ló dára jù nínú ọjọ́, nítorí pé atẹ́gùn láti òkun a máa le sí i lọ́sàn-án, a sì máa da ojú omi rú. Omi òkun Èkó kì í tutù débi tí ènìyàn yóò nílò aṣọ rọ́bà tí wọ́n ń wọ̀ ní ilẹ̀ òyìnbó. Ẹ̀wù tó fún mọ́ ara, tí kò ní jẹ́ kí pátákó bó àyà, tí oòrùn kò sì ní jó èjìká, ti tó.

LÁTI ÈKÌTÌ DÉ ETÍKUN

Ẹni tó bá gbéra ní Aisegba yóò gba Ìlúọmọba àti Ìjàn dé Adó-Èkìtì, yóò gba Ìkẹ́rẹ́ kọjá lábẹ́ òkè Olósùnta dé Àkúrẹ́, kí ó tó gba ọ̀nà Iléṣà, Ifẹ̀ àti Ìbàdàn wọ Èkó. Ìrìn odidi ọjọ́ kan nìyẹn. Kò bọ́gbọ́n mu kí ènìyàn sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ní ìrọ̀lẹ́ kó sì máa sáré lọ wọ ọkọ̀ ojú omi. Kí ó sùn sí ìlú, kí ó jí lọ sí èbúté.

Ní CMS ní Marina àti ní àwọn èbúté kan ní Victoria Island ni ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ti ń gbé èrò lọ sí Tarkwa Bay. Ìrìn náà kì í gùn. Kí èrò dúnàá-dúrà kó tó wọlé, kí ó sì béèrè bóyá owó àlọ nìkan ni wọ́n ń gbà tàbí àlọ òun àbọ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ju owó lọ ni ẹ̀wù amúniléfòó. Ọkọ̀ tí kò bá ní ẹ̀wù yìí fún gbogbo èrò, tàbí tó kó èrò ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ má wọ̀ ọ́, bó ti wù kí wọ́n dín owó rẹ̀ kù tó. Ẹ má sì dúró de alẹ́ kí ẹ tó padà. Ìrìn òru lórí omi ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ yìí.

Bí àlejò bá gúnlẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n béèrè owó ìwọlé. Oúnjẹ kì í wọ́n níbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀: ẹja yíyan, àgbọn, àti ohun mímu tútù. Láàárín ọ̀sẹ̀, ó sàn kí ènìyàn gbé omi àti ìpápánu tirẹ̀ dání. Kí ó gbé ìdọ̀tí tirẹ̀ padà pẹ̀lú, nítorí pé ọ̀rá àti ike tí òkun ń gbé wá ti pọ̀ tó.

Àwọn ará Èkìtì kan lè sọ pé etíkun Aráròmí ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò jìnnà sí àwọn tó Èkó. Òótọ́ ni. Ibẹ̀ lẹ́wà, iyanrìn rẹ̀ sì lọ salalu. Ṣùgbọ́n gbalasa òkun ni, kò sí odi kankan tó ń dín agbára ìgbì kù níbẹ̀. Ibi ìwòran ni fún ẹni tí kò mọ òkun, kì í ṣe ibi ìkẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ̀KỌ́ ÀKỌ́KỌ́ LÓRÍ PÁTÁKÓ

Kí ẹnikẹ́ni tó dé orí pátákó, ó gbọ́dọ̀ mọ ìlúwẹ̀ẹ́. Èyí kò ní àwáwí. Pátákó lè já kúrò lẹ́sẹ̀, ẹni tó bá sì ń gbẹ́kẹ̀ lé pátákó nìkan ti fi ẹ̀mí rẹ̀ sọ́wọ́ okùn. Lẹ́yìn èyí, kí ó wá olùkọ́ láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó ń gun ìgbì níbẹ̀, kí wọ́n sì jọ fẹnu kò lórí iye owó, iye wákàtí, àti ẹni tó ni pátákó.

Pátákó tó yẹ akẹ́kọ̀ọ́ ni èyí tí wọ́n fi fóòmù rírọ̀ bò, tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án. Bí pátákó bá ṣe gùn tó, tó sì fẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe dúró ire lójú omi tó. Pátákó kékeré tó mú ṣóńṣó tí àwọn ọ̀gá ń lò dára lójú, ṣùgbọ́n ńṣe ni yóò máa gbé akẹ́kọ̀ọ́ ṣubú. Ní ìsàlẹ̀ pátákó, ní apá ẹ̀yìn, ni lẹbẹ́ bíi ti ẹja wà, èyí tó ń jẹ́ kó lọ tààrà. Okùn kan sì wà tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, kí pátákó má baà sá lọ fi orí gbá ẹlòmíràn.

Orí iyanrìn ni ẹ̀kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò dọ̀bálẹ̀ sórí pátákó, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò kan ìdí pátákó, yóò gbé àgbọ̀n sókè, yóò sì máa fi ọwọ́ méjèèjì wa omi bí ẹni tó ń wa ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìhà, yóò ti ara rẹ̀ sókè, yóò sì fa ẹsẹ̀ iwájú wá sí àárín ọwọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ó tẹ orúnkún, kí ó na ọwọ́, kí ó sì wo iwájú. Ẹni tó bá ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kò ní pẹ́ ṣubú. Kí ó ṣe èyí lórí iyanrìn títí tí kò fi ní ronú kó tó ṣe é mọ́.

Nínú omi, ibi tó mu ènìyàn dé ìbàdí ti tó fún ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìgbì tó ti fọ́, tó ti di ìfófòó funfun, ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa lò. Kí ó kọjú pátákó sí etí iyanrìn, kí olùkọ́ bá a tì í nígbà tí ìfófòó bá dé ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí omi gbé òun lọ. Kí ó kọ́kọ́ gùn ún ní ìdọ̀bálẹ̀ ní ìgbà bíi mẹ́wàá kó tó gbìyànjú láti dìde. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Àwọn òfin kan wà tí kò yẹ kí wọ́n máa tún sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kí ó má jẹ́ kí pátákó wà láàárín òun àti ìgbì tó ń bọ̀, nítorí pé omi yóò gbé e lù ú láyà. Ẹ̀gbẹ́ ni kó fi í sí. Bí ó bá ń ṣubú, kí ó ṣubú pẹrẹsẹ, kó má fi orí sọ ilẹ̀. Bí ó bá wà lábẹ́ omi, kí ó fi apá bo orí kó tó jáde. Ẹnì kan ló ni ìgbì kan: ẹni tó bá ti wà lórí rẹ̀ la ń yà fún. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má sì wa pátákó lọ sí ibi odi òkúta tàbí ojú ọ̀nà ọkọ̀ ńlá láéláé. Ọkọ̀ òkun kò ní bíréèkì bíi ti mọ́tò.

ODI NI ÀLÀ

Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ àlejò jẹ ni pé òdìkejì odi kò jìnnà. Ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn láti Tarkwa Bay dé etíkun tí wọ́n ń pè ní Lighthouse Beach, níbi tí ilé iná tó ń fi ọ̀nà han ọkọ̀ òkun wà. Iyanrìn ibẹ̀ fẹ̀, ó mọ́, èrò kì í sì í pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí odi níwájú rẹ̀. Gbogbo agbára Atlantic ló ń sọ̀ kalẹ̀ sí etí ibẹ̀, ilẹ̀ abẹ́ omi sì jìn lójijì. Ẹni tó ti fi wákàtí méjì ṣeré nínú omi jẹ́jẹ́ ní apá kan lè rò pé òun ti mọ òkun, kí ó kọjá sí apá kejì, kí ó má sì padà bọ̀.

Kì í ṣe ìgbì tó ń rọ́ wá ló sábà máa ń pa ènìyàn ní irú ibẹ̀. Omi tó ń padà lọ ni. Gbogbo omi tí ìgbì bá kó wá sí etí iyanrìn gbọ́dọ̀ padà sí òkun, ó sì sábà máa ń gba ojú kan tóóró padà, bí odò kékeré tó ń ṣàn láàárín òkun. Ojú ibẹ̀ a máa dàbí ẹni pé ó rọlẹ̀: ìgbì kì í fọ́ níbẹ̀, àwọ̀ omi ibẹ̀ a ṣú díẹ̀ tàbí kó dàrú mọ́ iyanrìn. Ibi tó rọlẹ̀ yìí gan-an ni àlejò ń yàn láti wọlé, nítorí pé ó jọ bí odò ilé rẹ̀.

Ẹni tí omi yìí bá gbé kò gbọdọ̀ bá a jà. Àṣìṣe tó ń pani ni kí ènìyàn kọjú sí etí iyanrìn, kó máa fi gbogbo agbára lúwẹ̀ẹ́ padà, títí tí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Omi náà kì í fa ènìyàn wọ ìsàlẹ̀. Òde ló ń gbé e lọ, agbára rẹ̀ yóò sì tán lẹ́yìn ibi tí ìgbì ti ń fọ́. Kí ó jẹ́ kí ara rẹ̀ léfòó, kí ó na ọwọ́ sókè láti ké sí àwọn ará etí omi, kí ó wá lúwẹ̀ẹ́ ní ìbúlẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ etíkun, títí yóò fi bọ́ kúrò nínú ìṣàn náà. Lẹ́yìn èyí ni yóò jẹ́ kí ìgbì máa gbé e padà wá. Bí pátákó rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó má fi í sílẹ̀.

Ẹni tó dúró ní etí omi náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kí ó má bẹ́ sómi tẹ̀lé ẹni tó ń rì, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹni méjì ń bá a lọ dípò ẹnì kan. Kí ó ju ohun tó lè léfòó sí i, ìbáà ṣe pátákó, ìbáà ṣe kẹ́ẹ̀gì òfìfo, kí ó sì pe àwọn tó mọ omi náà. Ilé ìwòsàn ńlá wà lódìkejì omi, ọkọ̀ ni yóò sì gbé ènìyàn débẹ̀. Nítorí náà, ìṣọ́ra ni oògùn àkọ́kọ́.

ÀWỌN TÓ MỌ OMI NÁÀ

Àwọn tó mọ omi náà ni àwọn tó ń gbé etí rẹ̀. Wọ́n mọ ibi tí iyanrìn ti ṣí kúrò láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n mọ ibi tí omi ti ń fani, wọ́n sì ti fa ọ̀pọ̀ àlejò jáde kí ó tó bọ́. Ìmọ̀ yìí kò sí nínú ìwé kankan. Ohun tí wọ́n fi ojúmọ́ kọ̀ọ̀kan kọ́ ni.

Ní oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi Nàìjíríà lé àwọn ará Tarkwa Bay kúrò nílé wọn. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn kan ń bẹ́ páìpù epo tó gba agbègbè náà kọjá, wọ́n sì ń jí epo fà. Àwọn àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn fi ẹ̀hónú hàn pé àkókò tí wọ́n fún àwọn ènìyàn láti kó ẹrù wọn kéré jọjọ, àti pé nǹkan bíi ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ènìyàn ló di aláìnílé. Wọ́n wó ọ̀pọ̀ ilé. Àwọn ọmọ tó ń gun ìgbì wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Àwọn kan padà sí etíkun náà nígbà tó yá, ẹ̀kọ́ gígun ìgbì sì tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn kò rí ilé padà sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àlejò láti Èkìtì ju bó ṣe lè rò lọ. Odi òkúta tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1908 lè dín agbára ìgbì kù, ṣùgbọ́n odi kò lè rí ọmọ tí omi ń gbé lọ, kò sì lè na ọwọ́ sí i. Ọmọ etí omi ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Etíkun tí wọ́n bá kó gbogbo onílé ibẹ̀ kúrò lè dùn ún wò, ó sì lè dákẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ọkàn balẹ̀ sí mọ́.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gbéra láti Aisegba lọ gun ìgbì, kí ó lọ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó lọ láàárín ọ̀sẹ̀, kí ó sì wọ ọkọ̀ ní òwúrọ̀. Kí ó wá ọmọ ibẹ̀ tí yóò kọ́ ọ, kí ó sì san owó rẹ̀ fún un pé pérépéré. Bí olùkọ́ náà bá wo òkun tó sì sọ pé òní kọ́, kí ó jókòó sórí iyanrìn, kó máa wo ọkọ̀ tó ń kọjá. Òkun yóò ṣì wà níbẹ̀ lọ́la.